Àtúnṣe Àwòrán Pẹ̀lú Kọ́ńtíráàsì Líle: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ya Ojú Aláwọ̀ Dúdú

Kọ́ńtíráàsì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú àwòrán àti ibi tó ṣókùnkùn jù lọ. Bí ìyàtọ̀ yìí bá pọ̀, tí a sì yára bọ́ láti inú ìmọ́lẹ̀ sínú òkùnkùn, a máa ń sọ pé àwòrán náà le. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń fi egungun ojú, ilà ojú, irùngbọ̀n tó ti funfun àti ara tó ti hunjọ hàn ju bí àwòrán tútù ti lè fi wọ́n hàn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí à ń rí kà lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ fún ojú òyìnbó, níbi tí òjìji ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́: wọ́n á ní kí ẹ fa Blacks (ibi tó dúdú jù) wálẹ̀, kí ẹ fi Contrast kún un, ó parí. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú aláwọ̀ dúdú, orí kan tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ẹ máa rí, tó jẹ́ pé ẹyinjú àti eyín nìkan ló ń tàn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gba ìhà kejì wọ ọ̀rọ̀ yìí. Lára awọ dúdú, ibi tó ń dán ni agbára kọ́ńtíráàsì wà, òun ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ohun tó fà á kò le láti mọ̀. Awọ dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra púpọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì ń dá padà láti inú. Ṣùgbọ́n epo ara àti òógùn tó wà lójú awọ ń dá ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàbí ti iná padà tààrà, láìka bí awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe dúdú tó. Zanele Muholi, ayàwòrán ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí a bí ní ọdún 1972, ti fi èyí ṣe iṣẹ́ ńlá. Nínú àwọn àwòrán tó ya ara rẹ̀, ó máa ń fi kọ́ńtíráàsì kún un nígbà àtúnṣe títí awọ rẹ̀ yóò fi dúdú ju bó ṣe rí lójúkojú lọ, síbẹ̀ ojú náà kì í sọnù, nítorí pé ibi tó ń dán ṣì wà níbẹ̀ tó ń fi ibi tí egungun gbà hàn.

Ẹ wo ẹni tí ẹ fẹ́ yà

Kì í ṣe gbogbo ojú ló yẹ kí a ṣe báyìí sí. Ó bá àgbàlagbà mu, ó bá onílù, alágbẹ̀dẹ, òṣèré àti afẹ̀ṣẹ́jà mu. Kò bá ìyàwó mu lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò sì bá ọmọ ọwọ́ mu. Àtúnṣe yìí máa ń fi ọdún kún ọjọ́ orí ẹni, ó sì máa ń sọ àmì kékeré di ńlá. Màmá tí wọ́n ti kun ojú wọn fún wákàtí kan kí wọ́n tó jókòó níwájú kámẹ́rà kò wá kí ẹ wá ka ihò awọ wọn síta. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: “Màmá, mo fẹ́ ṣe àwòrán tí yóò fi gbogbo ojú yín hàn pẹ̀lú ọjọ́ orí yín, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?” Kí ẹ sì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè jẹ́ kí ẹni tí kò rí i rí mọ ohun tí ẹ ń wí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ yà wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ó ti wà kí ẹ tó ṣe àtúnṣe

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó ní nǹkan bíi mítà kan sí fèrèsé ńlá kan, kí ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú kan sí i, kí ẹ sì pa gbogbo iná yòókù. Ẹ ta aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé ògiri funfun yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji, ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ tó débi àtúnṣe. Bí ẹni náà bá ṣe súnmọ́ fèrèsé tó ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe yára dínkù láti etí kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó le sí i, ẹ sún un mọ́ fèrèsé, bí ẹ bá fẹ́ kí ó rọ̀, ẹ fà á sẹ́yìn. Fèrèsé ńlá dára ju gílóòbù kékeré lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé dídán tí fèrèsé ń fi sí awọ máa ń fẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ lé egungun, nígbà tí ti gílóòbù máa ń jẹ́ àmì kóńkó kan lórí imú.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú tó kọlà gbọ́dọ̀ mọ ohun kan sí i. Ìlà tó jin wọnú ohunkóhun máa ń hàn dáadáa nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dábùú rẹ̀, torí pé bèbè kan yóò gba ìmọ́lẹ̀, bèbè kejì yóò sì wà nínú òjìji. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ìlà náà lọ, kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Pélé wà ní òòró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni yóò mú un yọ. Àbàjà tí ìlà rẹ̀ wà ní ìbú kò rí bẹ́ẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ máa ń gba orí rẹ̀ kọjá láìfi òjìji kankan sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ilà náà ti pa rẹ́. Fún àbàjà, ẹ fi aṣọ bo ìdajì fèrèsé láti ìsàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wá láti òkè. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀, ojú àwọn àgbà ló sì pọ̀ sí jù lónìí. Mo kà á sí ojúṣe ẹni tó bá ń yà wọ́n pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣeé kà nínú àwòrán rẹ̀.

Nípa ẹ̀yìn àwòrán, ẹ̀yìn dúdú kì í ṣe dandan. J.D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya oríṣiríṣi irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, lo ẹ̀yìn tó mọ́, tí kò sì ní ohunkóhun nínú, nínú ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán náà, èyí tó jẹ́ kí irun dúdú yọ ketekete. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá ní irun tàbí fìlà dúdú, tí ẹ sì fi ẹ̀yìn dúdú sí i, àfi kí ẹ wá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí àti ẹ̀yìn àwòrán yóò di ọ̀kan náà.

Irú fáìlì tó lè gba ìyà

Ẹ yà á sí RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Fáìlì JPEG ní ìpele 256 péré láti dúdú dé funfun fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí RAW tó jẹ́ bíìtì 14 ní ìpele 16,384. Àtúnṣe líle máa ń fa àwọn ìpele wọ̀nyí jìnnà síra wọn, bí wọn kò bá sì pọ̀, ẹ ó rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò pín sí abala abala dípò kí ó máa yọ́ lọ sínú òjìji. Nínú RAW, ìdajì gbogbo ìpele yìí ló wà nínú stop kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ jù (ìmọ́lẹ̀ stop kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀), ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì kù fún òkùnkùn. Nítorí náà, ẹ má ya ojú dúdú sínú òkùnkùn pẹ̀lú èrò pé ẹ ó gbé e sókè lórí kọ̀ǹpútà, torí pé ariwo tó dà bí yanrìn ni yóò bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ tó bí ó ti lè mọ́lẹ̀ tó láìjẹ́ pé dídán iwájú orí di funfun pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ fóònù ni ẹ ń lò, ẹ pa HDR àti Beauty tó ń mú awọ jọ̀lọ̀. HDR ti gbé òjìji sókè fúnra rẹ̀ kí ẹ tó rí àwòrán náà, bí ẹ bá sì fi kọ́ńtíráàsì líle lé e, funfun kan yóò yọ yí orí ká. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló lè ya RAW bí ẹ bá wo inú Settings kámẹ́rà wọn.

Ìpìlẹ̀: ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tutù

Orúkọ tó wà nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ni n óò máa lò. Bí darktable tàbí Snapseed ni ẹ ní, orúkọ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ fi Contrast sílẹ̀ ní 0, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi parí, nítorí pé gbogbo àwòrán ló ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ ibi tí ojú wà. Ẹ fa Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀) wálẹ̀ dé nǹkan bíi −30, kí ẹ sì gbé Shadows (òjìji) sókè dé +20. Àwòrán náà yóò tẹ́, yóò sì dà bí èyí tí kò ní agbára. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ń kó ohun èlò jọ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé máòsì sórí ojú kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó máa hàn lábẹ́ Histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú àwòrán hàn (0 ni dúdú, 100 ni funfun). Fún ojú tó dúdú dáadáa, mo máa ń fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gba ìmọ́lẹ̀ wà láàárín 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ibi tó ń dán gan-an wà láàárín 75 sí 85, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú òjìji sì wà láàárín 8 sí 15. Ẹ fi Exposure (ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán) tún un ṣe títí yóò fi súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fa Whites (ibi tó funfun jù), ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀ lórí Windows tàbí Option lórí Mac: gbogbo ojú kọ̀ǹpútà yóò di dúdú, ibi tó ti di funfun pátápátá nìkan ni yóò sì yọ. Ẹ dá ọwọ́ dúró nígbà tí àmì kékeré bá kọ́kọ́ yọ lórí imú tàbí iwájú orí. Ẹ ṣe bákan náà fún Blacks, ṣùgbọ́n funfun ni ojú kọ̀ǹpútà yóò dà níbẹ̀. Àárín ẹyinjú, ihò imú àti ìṣẹ́po fìlà nìkan ni ó yẹ kí ó dúdú pátápátá. Bí ẹ̀bátí tàbí ọrùn bá wọ inú rẹ̀, ẹ ti lọ jù.

Sísọ ọ́ di dúdú-àti-funfun

Ẹ tẹ V, àwòrán yóò sì bọ́ àwọ̀ kalẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń dùn. Awọ ènìyàn, ì báà pupa ì báà dúdú, àárín àwọ̀ ọsàn àti pupa ló máa ń wà, nítorí náà Orange àti Red nínú B&W Mix ló ń darí ojú; Red sì máa ń mú ètè ju ibi yòókù lọ. Bí ẹ bá gbé Orange dé +15 tàbí +20, awọ yóò yọ kúrò nínú òkùnkùn láìjẹ́ pé aṣọ yí padà. Bí Bàbá bá wọ àdìrẹ ẹlẹ́lùú, ẹ fa Blue wálẹ̀ dé −30, ara aró yóò ṣókùnkùn, funfun inú àdìrẹ náà kò ní yí padà, ojú á sì wá jẹ́ ohun tó mọ́lẹ̀ jù láàárín wọn. Ẹ má kọjá 40 níhà méjèèjì, torí pé etí ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, àbàwọ́n yóò sì yọ lára awọ.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tó fẹ́ kí ó le gan-an. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní orthochromatic kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa, ohun tó sì jẹ́ kí awọ inú wọn ṣókùnkùn, kí gbogbo àmì ara sì hàn kedere nìyí. Ẹ lè rí irú rẹ̀ bí ẹ bá fa Red àti Orange wálẹ̀ dé −20, kí ẹ wá fi Exposure gbé gbogbo rẹ̀ padà. Ó dára fún ojú tí ara rẹ̀ ti gbó sí oòrùn. Ṣùgbọ́n ariwo fáìlì yóò pọ̀ sí i, nítorí náà RAW tó mọ́lẹ̀ dáadáa nìkan ni kí ẹ dán an wò lára rẹ̀.

Curve: ibi tí ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ wà

Curve ni ìlà tí a ń tẹ̀ láti yí bí ibì kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó padà. Curve onírísí S tí gbogbo ènìyàn ń kọ́ ni máa ń fi àárín, ìyẹn 50, ṣe ìdákọ̀ró, ibi tí kì í kúrò lójú kan: ohun tó wà lókè rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn sí i. Ẹ rántí pé ojú tí à ń ṣe yìí wà láàárín 35 sí 45. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ojú ló wà nísàlẹ̀ ìdákọ̀ró, curve náà yóò sì fà á lọ sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn nǹkan tó yẹ kó lọ síbẹ̀. Aṣọ funfun àti ògiri nìkan ni yóò jàǹfààní. Àṣìṣe kan ṣoṣo yìí ló ń ba àwòrán wa jẹ́ jù.

Ẹ gbé ìdákọ̀ró wá sí 20, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní 20. Ẹ gbé 45 lọ sí 52, kí ẹ gbé 70 lọ sí 79, kí ẹ sì fa 8 wálẹ̀ sí 5. Báyìí, ẹ̀gbẹ́ ojú tó gba ìmọ́lẹ̀ ń gòkè, dídán ń gòkè jù ú lọ, òjìji jíjìn sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Fún ẹni tí awọ rẹ̀ pupa, tí nọ́ńbà ojú rẹ̀ tó 55 tàbí 60, ẹ gbé ìdákọ̀ró lọ sí 35. Nọ́ńbà tí ẹ kà lójú ẹni náà ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.

Clarity àti Texture

Àwọn méjì yìí ń fi kọ́ńtíráàsì sí àárín ohun kékeré, wọn kì í sì fa gbogbo àwòrán. Texture ń mú ihò awọ àti irun, Clarity ń mú ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ìhunjọ iwájú orí. Ẹ fi Mask, tó ń pààlà sí ibi tí àtúnṣe yóò dé, sí ojú nìkan, kí Clarity wà láàárín +25 sí +35, kí Texture má ju +20 lọ. Ẹ wo etí fìlà àti èjìká ní 100%: bí ìlà funfun bá ti ń tẹ̀ lé wọn, ẹ dín in kù. Ẹ má lo Dehaze. Ó ń jẹ òjìji.

Gbígbé sókè àti rírì mọ́lẹ̀ ní ọwọ́

Bí ẹ bá fẹ́ fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo èyí. Nínú Photoshop, ẹ ṣí Layer tuntun (ìpele kan tó máa ń wà lórí àwòrán), ẹ yan Soft Light, kí ẹ fi 50% gray kún inú rẹ̀. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, kí Flow rẹ̀ (bí kíkùn rẹ̀ ṣe ki tó) jẹ́ 3% tàbí 5%, funfun fún ibi tí ẹ fẹ́ gbé sókè, ìyẹn kí ó mọ́lẹ̀ sí i, dúdú fún ibi tí ẹ fẹ́ rì, ìyẹn kí ó ṣókùnkùn sí i. Nínú Snapseed, Dodge & Burn wà lábẹ́ Brush.

Ẹ jẹ́ ká gba ojú Bàbá kan tó kọ pélé lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: ibi tó ti ń dán ni kí ẹ kùn, kí ẹ má dá dídán tuntun sílẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tó ń wò ó yóò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kò lè débẹ̀. Ẹ gba igi imú wálẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín, kí ẹ dúró kí ẹ tó dé ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé òkè egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti abẹ́ ojú lọ sí ìhà etí, kí ẹ sì ri ibi tó wọnú lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Èyí nìkan máa ń gbé gbogbo ojú dìde. Nígbà tí ẹ bá dé ibi pélé, ẹ fẹ àwòrán náà dé 200%, kí ẹ dín búrọ́ọ̀ṣì kù títí yóò fi tó bèbè ìlà kan. Ẹ fi funfun kun bèbè tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi dúdú kun inú ìlà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ̀yìn sí i. Ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti rẹ̀ sílẹ̀ nípa ọjọ́ orí, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé kì í ṣe iṣẹ́ wa láti tún ilà kọ fún àgbàlagbà.

Ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú òjìji ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá àwòrán yín dúró. Ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibẹ̀ sókè díẹ̀ tó jẹ́ pé a lè mọ ibi tó parí sí, kí ẹ sì ri etí, ọrùn àti ẹ̀wù mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa bá a du ojú ẹni tó ń wò ó.

Ní ti ẹyinjú, funfun ojú àgbàlagbà kì í funfun, ó máa ń pọ́n díẹ̀, inú òjìji ìpéǹpéjú ló sì wà. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ di funfun ti ba ojú náà jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó tàn sínú ẹyinjú nìkan ni kí ẹ gbé sókè, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti parí, ẹ kúrò nídìí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ padà wá pa Layer náà kí ẹ tún ṣí i. Bí ìyàtọ̀ bá fò mọ́ yín lójú, ẹ dín Opacity (bí Layer náà ṣe hàn tó) kù títí ojú Bàbá yóò fi jẹ́ tiwọn padà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọ̀ sílẹ̀

Curve líle máa ń mú àwọ̀ ki pẹ̀lú, ojú dúdú yóò sì pọ́n bí ẹni pé a fi epo pupa pa á. Nínú Photoshop, ẹ gbé Curves sí Luminosity, kí ó lè mú ìmọ́lẹ̀ nìkan. Nínú Lightroom, ẹ fa Saturation (bí àwọ̀ ṣe ki tó) dé −10, kí ẹ sì tún fa Saturation ti Orange wálẹ̀ díẹ̀ bí ojú bá ṣì pọ́n. Rotimi Fani-Kayode, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1955, tó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1989, ya ara dúdú ní àwọ̀, ó sì tún yà á ní dúdú-àti-funfun. Ẹni tó bá wo méjèèjì yóò rí i pé líle kò sọ pé kí àwọ̀ lọ.

Fífi ránṣẹ́ àti títẹ̀

Ẹ fi Grain, ẹyọ tíntìntín bíi yanrìn, kún un ní nǹkan bíi 20 sí 25. Ó ń bo àpá àtúnṣe mọ́lẹ̀ nínú òjìji. Fún orí ayélujára, sRGB, ìlànà àwọ̀ tí orí ayélujára ń lò, ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, torí pé tí ó bá lọ gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán, wọn yóò fún un pọ̀, òjìji yóò sì di abala abala.

Títẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Bébà tí kò ń dán kò lè dúdú tó èyí tó ń dán, tàdáwà sì máa ń fẹ̀ sí i lórí bébà nígbà tí wọ́n bá ń tẹ kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ètò ìsìnkú, nítorí náà òjìji tó hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà lè dí pa pátápátá. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan lọ́tọ̀ fún títẹ̀, kí ẹ gbé ìsàlẹ̀ curve láti 0 sí 4 tàbí 5. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò lórí bébà tí wọn yóò lò gan-an, kí ẹ gbé e síta lójúmọmọ, kí ẹ sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú òjìji. Bí kò bá hàn, ẹ gbé ibi tí ẹ fà dé 5 padà sí 8, kí ẹ sì fi ibi tó ń dán sílẹ̀ bó ṣe wà.